Ìgbálẹ̀ Rosaire Lórí Yìnyín

Gisèle ọ̀rẹ́ mi ló ní dandan ni kí n jáde lálẹ́ Fúráìdè ọjọ́ náà. Ó ní láti ọdún méjì tí Rosaire ọkọ mi ti kú, ibi mẹ́ta péré ni ẹsẹ̀ mi mọ̀ ní gbogbo Timmins, ìlú awakùsà wa ní Kánádà: yàrá ìfọṣọ ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ilé ìwé alẹ́, àti itẹ́ òkú. Ó ní ẹsẹ̀ ẹni tó máa ń ti òkúta àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ kọ́líǹgì àwọn ti kán, eré tí a ti ń ti òkúta lórí yìnyín lọ sínú àmì róbótó. Ipò yẹn, ipò Rosaire ni tẹ́lẹ̀.

"Irja, tó o bá fẹ́ kú, ní sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ló wí. "Ẹni mẹ́rin la nílò lálẹ́ Fúráìdè."

Mo ní mo gbọ́. Mi ò sọ fún un pé mo ti lọ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn yìnyín, pé mo sì ti rí i pé ẹgbẹ́ Mervin la máa bá ta á.

Ọdún mọ́kànlá ni Mervin àti Rosaire fi wa wúrà pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú, bí Mervin bá rí mi ní ṣọ́ọ̀bù, á gbé agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọjà nínú, á sì jáde. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá lọ́wọ́ rẹ̀. Sátidé, ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 1984, kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ Rosaire, síbẹ̀ ó lọ. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́ ni àpáta wó lé e lórí.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òtútù wà ní méjìdínlógójì nísàlẹ̀ òdo. Rosaire ti gbàgbé láti ki wáyà tó ń mú ẹ́ńjìnnì mọ́tò gbóná bọ iná mọ̀nàmọ́ná mọ́jú, ẹ́ńjìnnì sì ti dì gbagidi. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi rìn dé ibi iṣẹ́. Ìka méjì ní ọwọ́ òsì mi kò mọ nǹkan kan lára mọ́ títí dòní. Kí n tó jáde, mo sọ fún un pé: "Abẹ́ ilẹ̀ ló yẹ ọ́. Ibẹ̀ nìkan lo ti wúlò." Nígbà tí mo padà dé nírọ̀lẹ́, ó ti lọ síbẹ̀.

Ṣé ọ̀rọ̀ mi ló lé e lọ? Mervin á mọ̀. Ó lè sá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, bí eré bá parí, ẹgbẹ́ méjèèjì á jókòó yí tábìlì kan ká, ẹni tó borí á sì ra ọtí fún ẹni tó wà ní ipò kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Mervin náà ló ń ti òkúta àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ tiwọn. Bí mo borí, bí mi ò borí, a máa kojú síra wa. Mi ò tíì rí ẹni tó sá nídìí tábìlì yẹn rí.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, a bọ ara wa lọ́wọ́. Bàtà mi ni Mervin ń wò.

"Mervin, ikùn rẹ mà ti ṣáájú rẹ dé," Gisèle wí.

"Ọtí tẹ́ ẹ rà fún mi lọ́dún tó kọjá ló wà níbẹ̀."

"A jẹ́ pé ò ń fìdí rẹmi dáadáa."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mi ò rò pé mo máa gbádùn ara mi, ṣùgbọ́n òkúta mi kan gbá tiwọn méjì jáde, mo sì rí i pé èmi ni mò ń pariwo. Nígbà tó ku ohùn tèmi nìkan ni ojú wá tì mí.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ. Búrọ́ọ̀ṣì ni gbogbo ènìyàn fi ń gbá iwájú òkúta báyìí kó lè yọ̀ lọ jìnnà, kì í dún ju pé ó ń ha yìnyín lọ. Rosaire nìkan ló di ìgbálẹ̀ koríko ti àtijọ́ mú títí ó fi kú, èyí tó máa ń na yìnyín pá, pá, pá. Mo yíjú. Kò sẹ́ni tó mú ìgbálẹ̀ dání. Nígbà tó yá, ìró náà sún mọ́ mi lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tó máa ń dúró sí, òtútù kan tí kì í ṣe ti yìnyín sì kan ọrùn mi. Mo ń gbá iwájú òkúta wa lọ.

Tiwọn ni òkúta tó kẹ́yìn. Àárín gbùngbùn àmì náà ló forí lé, bó bá sì dúró síbẹ̀, wọ́n ti borí. Mervin tẹ̀ ba níwájú rẹ̀, ó ń gbá. Pá, pá, pá. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ló ti dún. Ó bojú wẹ̀yìn. Lójijì ó nàró, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Búrọ́ọ̀ṣì mi kàn án."

Ẹnikẹ́ni kò rí i. Lọ́dọ̀ wa, kò sí adájọ́. Ẹni tó bá kan òkúta tó ń lọ ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, wọ́n á sì yọ òkúta náà kúrò. Ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀ kùn díẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ gbá òkúta náà kúrò. Bí a ṣe borí nìyẹn.

Mo ra bíà, mo gbé e síwájú Mervin. Àwọn yòókù ti gbájú mọ́ ọ̀dùnkún díndín tí wọ́n da ọbẹ̀ àti wàràkàṣì lé, Gisèle sì ń sọ ìtàn béárì kan tó wọ ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi Mervin pé kí ló wò lẹ́yìn.

"Ìwọ náà gbọ́ ọ," ló wí. Kì í ṣe ìbéèrè. Ó ní láti ọdún méjì ni òun ti ń gbọ́ ọ.

Mo wá bi í léèrè ohun tí mo bá wá.

"Èmi ni mo ni iṣẹ́ alẹ́ yẹn," ló wí. "Mo fẹ́ wá ta àṣekágbá níbí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó lọ ṣe é dípò mi. Ó gbà."

"Ìgbà wo lo bẹ̀ ẹ́?"

"Ní Fúráìdè, bí a ṣe gòkè láti abẹ́ ilẹ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Fúráìdè ni. Àárọ̀ Sátidé ni èmi sọ̀rọ̀ tèmi. Ó ní òun rò pé mo ti mọ̀ tipẹ́, pé ìdí nìyẹn tí mi ò fi kí òun. Èmi sì rò pé Rosaire ti sọ ọ̀rọ̀ ẹnu mi fún un, pé ìdí nìyẹn tó fi ń sá fún mi.

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Ó ti ṣèlérí pé ẹ máa lọ jó lálẹ́ Sátidé. Ẹ̀rù rẹ ń bà á. Ó ní òun á sọ fún ọ láàárọ̀."

Mo rántí òtútù ọjọ́ yẹn àti iye ìṣẹ́jú tí mo fi rìn. Ohun kan wà tí mi ò rántí títí Mervin fi sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ń wọ bàtà, Rosaire wá sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́, ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ mọ́tò ló fẹ́ bẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i pé kó dákẹ́, mo sọ ọ̀rọ̀ mi, mo sì pa ilẹ̀kùn dé.

Mervin bi mí bóyá kí òun dìde. Mo ní kó jókòó. Mo ní kó sọ ọ̀rọ̀ Fúráìdè yẹn fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tí ọkọ mi sọ àti bí ohùn rẹ̀ ṣe rí nígbà tó ń sọ ọ́.