Ọkọ̀ Tí Ìyá Lè Dá Wọ̀

Láti ìgbà tí eegun ìbàdí Ìyá Àgbà ti kán, tí wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò fẹ́ jáde nílé mọ́. Kì í ṣe pé kò lè rìn. Ó ń fi ọ̀pá rìn láti yàrá dé àgbàlá, ó ń dá ṣe àlùwàlá rẹ̀, ó sì máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní àdúgbò Akron ní Porto-Novo láti kí àwọn tó ń kọjá. Wíwọ ọkọ̀ ló ṣòro fún un. Takisí tó máa ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà rẹlẹ̀ gan-an. Kó tó lè wọ̀ ọ́, Issifou ọmọ rẹ̀ á gbá a mú lábẹ́ apá, awakọ̀ á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, wọn á sì rọra tì í wọlé bí ẹni ń ti àpò ìrẹsì. Lọ́jọ́ kan, níwájú ilé ìwòsàn, ìró tú nídìí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fà á jáde, ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ṣe. Kò sunkún, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìgbà tí wọ́n délé ló sọ pé:

"Issifou, ẹ má gbé mi jáde mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí mi, kó wá bá mi nílé."

Ọ̀rọ̀ náà di òfin. Ọdún méjì kọjá. Sakinath, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù láyé, ń gbé ní Avrankou, ibi tí kò tó ìrìn wákàtí kan nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ojú Sakinath ti ń ṣe bàìbàì, òun náà kò lè dá rìn jìnnà. Orí fóònù ni àwọn méjèèjì ti ń kí ara wọn. Bí Ìyá Àgbà bá ti gbé fóònù sílẹ̀, Issifou á máa wo ibòmíràn.

Fèrèsé àti ilẹ̀kùn onígíláàsì ni Issifou ń ṣe. Fadilatou ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, Samira tó dàgbà jù sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Alùpùpù kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń lò. Lọ́dún yìí, iṣẹ́ ilé ńlá kan bọ́ sí Issifou lọ́wọ́ ní Sèmè-Kpodji. Nígbà tó parí rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ fẹnu kò pé àsìkò tó láti ra ọkọ̀ tí gbogbo ilé á lè wọ̀. Irú ọkọ̀ tí wọn yóò rà gan-an ni ẹnu wọn kò kò lé lórí.

Jíìpù gíga ló wà lọ́kàn Issifou, dúdú, tí taya rẹ̀ tóbi, irú èyí tí àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún un ń wà. Fadilatou fẹ́ ọkọ̀ kékeré tí kò ní máa mu epo bí omi. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi sú àwọn ọmọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Fadilatou wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nígbà tí Ìyá Àgbà dìde lórí àga onígi tó wà ní àgbàlá. Ó dá dìde, kò pe ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bó bá jókòó sórí àga tìmùtìmù inú ilé, àfi kí Samira wá fà á dìde. Fadilatou fi aṣọ tó ń rán sílẹ̀. Ó mú okùn ìwọ̀n rẹ̀, ó wọn àga onígi náà láti ilẹ̀: sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ó wọlé lọ wọn ìkejì: ogójì ó lé díẹ̀.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó sọ fún un. "Bàbá Samira, mo ti mọ ọkọ̀ tí a máa rà. Èyí tí ìjókòó rẹ̀ bá ga tó àga Ìyá ni."

Issifou rẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ la fẹ́ rà, kì í ṣe bùbá."

"Ohun tí ara bá máa wọ̀, a máa ń wọ̀n ọ́n ni. Tí Ìyá ò bá lè dá wọ̀ ọ́, ta la rà á fún?"

Issifou gba okùn ìwọ̀n náà, ó tún lọ wọn àga onígi fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n gba Sèmè-Kpodji lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tó ti òkè òkun dé. Wọ́n mú Dàpọ̀ dání, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Porto-Novo láti ọdún mọ́kànlá. Jíìpù dúdú kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Issifou gun un, ó di ìdarí rẹ̀ mú, inú rẹ̀ sì dùn bí ọmọdé. Fadilatou na okùn rẹ̀ láti ilẹ̀ dé ìjókòó. Ó kọjá ọgọ́rin.

"Ìyá á nílò àkàbà," ló wí.

Wọ́n wọn ọkọ̀ kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìkan kò tó àádọ́ta, ìkejì kò tilẹ̀ tó ogójì. Fadilatou, tó jẹ́ òun ló ń pariwo ọkọ̀ kékeré látijọ́, ká okùn rẹ̀.

Ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ náà ti ń wò wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọ̀gá, mo ti mọ ohun tí madáàmù ń wá. Ẹ tẹ̀lé mi." Ó mú wọn lọ sídìí ọkọ̀ funfun kan. Kì í ṣe jíìpù ńlá, kì í sì í ṣe ọkọ̀ kékeré. Àárín àwọn méjèèjì ló wà. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀, ìjókòó rẹ̀ jẹ́ awọ, ó ń dán, ó ń ta sánsán. Fadilatou wọ̀n ọ́n. Márùndínlọ́gọ́ta. Ó wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wò ó, wọ́n jọ mí kanlẹ̀.

"Ẹlòmíràn ń bọ̀ wá mú un lọ́sàn-án yìí," ni ọkùnrin náà wí.

"Ẹ jẹ́ kí Dàpọ̀ kọ́kọ́ wò ó," ni Fadilatou wí.

Dàpọ̀ kò tilẹ̀ ṣí ibi ẹ̀rọ. Ó jókòó sẹ́yìn, ó fa ìgbànú ọkọ̀ náà títí ó fi dé òpin. Apá òkè rẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n apá tó ti wà ní kíká sínú lọ́hùn-ún ti di pupa bí ẹrẹ̀. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè lábẹ́ ìjókòó. Iyanrìn wà níbẹ̀, ìpata sì ti jẹ àwọn irin tó di ìjókòó mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí ti wà nínú ìkún omi," ló sọ fún Issifou. "Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fín lọ́fínńdà sí i. Á ṣiṣẹ́ lónìí, á ṣiṣẹ́ lọ́la, á wá kú sójú ọ̀nà lọ́jọ́ tí ẹ ò fọkàn sí."

Ọkùnrin náà ní òjò díẹ̀ ló wọ̀ ọ́. Wọ́n kẹ̀yìn sí i, wọ́n jáde.

Wọ́n wọ takisí padà sílé. Nígbà tí wọ́n gun afárá Porto-Novo, Issifou la ẹnu. "Mo ti ń wo Ìyá nínú rẹ̀," ló wí. "Mo ti fẹ́ ní kí ọkùnrin yẹn kọ ìwé." Fadilatou gbé ọwọ́ lé e léjìká. "A ò rà á," ló wí. "A ò rà á, ó tán."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Dàpọ̀ pè wọ́n. Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Zouleyhath ń ṣí lọ sí Parakou, ó sì fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀. Irú ọkọ̀ àárín yẹn náà ni. "Èmi ni mo ń tún un ṣe láti ọdún mẹ́rin," ni Dàpọ̀ wí. "Mo mọ gbogbo àìsàn tó ti ṣe. Kò pọ̀."

Ọkọ̀ náà kò wu ojú. Àwọ̀ eérú ni, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan sì ti tẹ̀ wọnú. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ pé, Dàpọ̀ sì fọwọ́ sọ̀yà. Fadilatou wọ̀n ọ́n: mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ó ní òun kò gba okùn gbọ́ mọ́, kí ọkọ̀ náà lọ bá Ìyá nílé. Zouleyhath, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, kò bínú. Òun fúnra rẹ̀ ló wà á dé Akron.

Ìyá Àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọkọ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. "Mo ti sọ pé ẹ má gbé mi mọ́."

"A ò ní gbé yín, Ìyá," ni Fadilatou wí. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó sì sún sẹ́yìn.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìyá náà tó dìde. Ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó fi ọwọ́ kan ìjókòó bí ẹni ń yẹ ibùsùn wò. Issifou fẹ́ sún mọ́ ọn, Fadilatou sì di apá rẹ̀ mú. Ìyá Àgbà kẹ̀yìn sí ọkọ̀, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ fún Samira, ó sì jókòó. Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò nà sókè. Ó di irin tó wà lókè ilẹ̀kùn mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó sinmi, ó gbé ìkejì. Ó tún ìró rẹ̀ ṣe lórí eékún. Ó wá wo gbogbo wọn tí wọ́n dúró bí igi.

"Ẹ ti ilẹ̀kùn," ló wí. "Àbí kò ní lọ ni?"

Zouleyhath bú sẹ́rìn-ín. Issifou wọ ẹ̀yìn ilé, ó sì pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀ kó tó padà.

Wọ́n ra ọkọ̀ náà. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ìgbà tí ìwé rẹ̀ bọ́ sí wọn lọ́wọ́, gbogbo wọn kó sínú ọkọ̀, ó di Avrankou. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ní ibi kan, omi bo ọ̀nà, takisí méjì ti kú sínú rẹ̀, àwọn èrò inú wọn sì ń tì wọ́n. Issifou rántí ọkọ̀ funfun. Ó rọra wa ọkọ̀ tiwọn wọnú omi, omi ń ta sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, títí taya fi tún di ilẹ̀ líle mú ní òdìkejì. Ọkọ̀ náà kò ga tó jíìpù dúdú, ṣùgbọ́n ó ga ju omi náà lọ.

Sakinath wà lábẹ́ igi ọsàn níwájú ilé rẹ̀. Ó gbọ́ ìró ọkọ̀, kò dá ẹni tó wà nínú rẹ̀ mọ̀. Ìyá Àgbà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, ó dìde, ó rìn lọ bá a. Sakinath fi ọwọ́ méjèèjì wá ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tún fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

"Ẹ ti rù," ló wí.

"Ìwọ ò ríran ni," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Wọ́n jẹun. Àwọn ọmọ ń sáré kiri nínú oko ẹ̀gẹ́. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ ń sún mọ́, Issifou wá pe ìyá rẹ̀ pé kí àwọn máa lọ kí òjò míràn tó dé. Ó bá àwọn arábìnrin méjì náà lórí ẹní, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, ọ̀rọ̀ sì wà lẹ́nu wọn.

"Ẹ máa lọ," ni Ìyá Àgbà wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí ẹ padà wá mú mi."

"Ìyá, ẹ ò kó aṣọ dání."

"Sakinath ní aṣọ."

Issifou rẹ́rìn-ín. Ó kí wọn, ó padà sídìí ọkọ̀, ó jókòó ti Fadilatou. Kò kọ́kọ́ ṣíná ọkọ̀. Ó gbé orí lé ìjókòó, ó ń gbọ́ ohùn àwọn àgbàlagbà méjì náà láti inú ilé, Fadilatou sì jẹ́ kó sinmi.