Afìpàkọ́ríran

Àwọn òǹwòran ló sọ ọ́ ní Afìpàkọ́ríran. Nínú eré bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù, òun ló ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó ń pín in fún ẹni tí yóò jù ú sáwọ̀n. Ojú rẹ̀ á wà lọ́tùn-ún, bọ́ọ̀lù á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó wà lósì, ariwo á sì sọ. Wọn ò mọ̀ pé kì í ṣe àrà ló ń dá. Ojú òsì rẹ̀ ti kú. Etí ló fi ń ríran.

Ó ti kọ́ àwọn àbúrò inú ẹgbẹ́ pé ẹni tí àyè bá ṣí sílẹ̀ fún lápá òsì gbọ́dọ̀ pe, "Ẹ̀gbọ́n!" Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó fẹ́ràn ọ̀wọ̀ ju oúnjẹ lọ, síbẹ̀ wọ́n ń pè é.

Ní ọjọ́ ìdíje àṣekágbá, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn pè é sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá Fèrè ni wọ́n ń pè é, nítorí fèrè irin tó máa ń gbé kọ́rùn, tí ó máa ń lu bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ bó bá ti ń rìn. Ó ní àwọn tó ni ẹgbẹ́ ti rí ọmọdé kan tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá pàdánù lónìí, òun ò ní lẹ́nu ọ̀rọ̀ láti gbèjà rẹ̀ mọ́. Afìpàkọ́ríran ní òun gbọ́. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Láti kékeré ni bọ́ọ̀lù ti ń bọ́ ọ.

Ìdíje fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, àmì kan péré ni ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ń ṣíwájú. Àwọn alátakò há a mọ́ etí pápá. Ọ̀tún dí pa. Ó ń wá ohùn kan lójú méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n!"

Ó ju bọ́ọ̀lù sósì láìwẹ̀yìn.

Ọwọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló bọ́ sí. Afìpàkọ́ríran ló kọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ níṣẹ́ kí ọmọ náà tó bọ́ sí ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n ń bá jà yìí. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sáré, ó jù ú sáwọ̀n. Ìdíje parí, ẹgbẹ́ Afìpàkọ́ríran sì pàdánù.

Nígbà tí pápá tú, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Okùn bàtà yín ló tú. Ẹ̀rù bà mí kí ẹ má ṣubú ni mo ṣe pè yín."

Ó wo ilẹ̀. Lóòótọ́ ni, okùn náà ń wọ́ tuurutu.

"Àbí ẹ ò rí mi ni?"

Ó kọ́kọ́ fẹ́ parọ́. Àárẹ̀ ò jẹ́ kí irọ́ náà jáde.

"Mi ò rí apá òsì mọ́," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí Ìyá Fèrè gbọ́."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kàn ń wo ẹ̀yìn èjìká òsì rẹ̀.

Ìgbà náà ló gbọ́ ọ, nítòsí gan-an: irin tó ń lu bọ́tìnnì.