Ẹ̀dà Tó Kù Lórí Kọ̀ǹpútà

Ọdún méje ni nọ́ọ̀sì náà ti ń kọ ohun tí àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù bá sọ fún un sílẹ̀. Inú fláàṣì kékeré kan ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ló bá a tì í pa pẹ̀lú páásíwọ̀ọ̀dù gígùn gbọọrọ. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Bó bá wọ ọkọ̀, ńṣe ló máa ń fún àpò mọ́ àyà. Bí ẹnì kan bá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, á sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ohun tó ń bẹ̀rù dé. Wọ́n já àpò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ibùdókọ̀, tòun ti fláàṣì inú rẹ̀, wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Fọkàn balẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ẹni tó gbé e ò lè ṣí i. Fóònù ló ń wá. Ṣùgbọ́n níbo lo ti máa ń ṣí i?"

"Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni, bọ̀ọ̀dá mi."

"Ta ló tún ń lò ó?"

"Gbogbo wa."

"Tó o bá fẹ́ tẹ̀wé jáde ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ló rántí. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì, ọ̀kan lára àwọn obìnrin náà, sórí kọ̀ǹpútà, kó lè tẹ̀ ẹ́ jáde fún adájọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ tán, ó yọ fláàṣì, ó gbàgbé ẹ̀dà kan síbẹ̀. Ọkọ Ìyá Ìbejì sì rèé, òun ni awakọ̀ ilé ìwòsàn tí nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́. Orí kọ̀ǹpútà yẹn ló ti ń kọ ìrìn rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì, awakọ̀ ti jókòó ti kọ̀ǹpútà náà. Ó dìde wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì."

Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó jáde. Ẹ̀gbọ́n wo ẹ̀rọ náà: kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n ṣí ìwé ọ̀hún.

Nọ́ọ̀sì gba fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo nọ́ńbà tó wà lórí ìwé náà, ó pè é. "Ìyá Ìbejì, ẹ gbé àwọn ọmọ, ẹ jáde báyìí! Ẹ má palẹ̀ ohunkóhun mọ́."

Nígbà tí ọkọ fi máa já ilẹ̀kùn wọlé, ilé ti ṣófo.

Ilé ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì ni Ìyá Ìbejì sá sí, tòun ti sálúbàtà inú ilé lẹ́sẹ̀.

"Kì í ṣe olè ló tú àṣírí yín," ni nọ́ọ̀sì wí. "Èmi ni mo gbàgbé rẹ̀ síta."

"Ẹ ní kò sẹ́ni tó máa rí i."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́."

Ìyá Ìbejì yíjú sí ògiri. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, nọ́ọ̀sì ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń jẹ́wọ́ fún àwọn obìnrin yòókù. Àwọn méjì ní kó má kọ ọ̀rọ̀ àwọn sílẹ̀ mọ́ láé. Ó gbà, kò bá wọn jiyàn.

Nígbà tí ẹjọ́ ku ọ̀sẹ̀ kan, Ìyá Ìbejì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá nọ́ọ̀sì ní ọ́fíìsì.

"Ó kù díẹ̀ tí mo fẹ́ fi kún un," ló wí. "Ṣùgbọ́n ta ló tún ń wọ yàrá yìí?"

Nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn. Ó jókòó, ó sì ka gbogbo ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ fún un, lọ́kọ̀ọ̀kan.