Àmín Tó Pẹ́ Lọ́nà

"Ìyẹn kì í ṣe iná ọkọ̀ mọ́, ọmọ mi. Oòrùn ni wọ́n so mọ́ ọn níwájú!" Bàbá na ẹsẹ̀ sórí àpótí kí ọmọbìnrin rẹ̀ lè fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu orúnkún tó bó. "Mi ò rí ọ̀nà, mi ò rí kẹ̀kẹ́ tí mo gùn. Inú gọ́tà kọ́nà ilé ẹ̀kọ́ ni mo bá ara mi lálẹ́ àná."

"Kò tiẹ̀ dúró?"

"Ìdúró kẹ̀? Kí Ọlọ́run ṣáà jẹ́ kí òun náà rí ohun tó fi ojú mi rí."

"Àmín!"

Ọkọ obìnrin náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló yọ gílóòbù pupa rúsúrúsú tó bá ọkọ̀ rẹ̀ wá, tó fi funfun rọ́pò. Rewáyà tó ń bá a tún iná ọkọ̀ ṣe kìlọ̀: "Ẹ̀yin á ríran o, ọ̀gá. Ẹni tó ń bọ̀ níwájú ńkọ́?" Ó kàn rẹ́rìn-ín. Lánàá, ní kọ́nà ilé ẹ̀kọ́, nǹkan kan yà bàrá kúrò lọ́nà. Ó ní ewúrẹ́ ni, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Àna mi, mi ò gbọ́ àmín tìrẹ."

"Ẹni tí àmín rẹ̀ ń mi òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì!" ni ìyàwó fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọkùnrin náà dìde. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé yín relé. Ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ rewáyà."

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ó ní kí rewáyà dá gílóòbù àtijọ́ padà sí ojú kan, kó fi funfun sílẹ̀ lójú kejì.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ kí mọ́tò máa ṣẹ́jú séèyàn ni?"

"Ṣáà bá mi ṣe é."

Ó ní kí Bàbá dúró níwájú ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ lọ jókòó. Rewáyà so wáyà gílóòbù pupa náà, iná tàn. Bàbá ń wò ó láìṣẹ́jú. "Èyí ò bá ẹnikẹ́ni jà."

Rewáyà yọ ọ́, ó so ti funfun. Bàbá fi apá bojú, ó ta gọ́ọ́gọ́ sẹ́yìn. "Òun nìyẹn! Òun gan-an! Ta ló wà nínú ọkọ̀ yẹn?"

"Èmi ni, Bàbá. Èmi náà ni lánàá."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àna rẹ̀, ó kọjú sí iná náà títí omi fi ń dà lójú rẹ̀.

"Àmín," ló wí.

Bàbá di apá rẹ̀ mú. "Ó tó. Ní kó bá wa yọ ọ́, ká máa lọ."