Àlejò Tó Ti Kàlàbá Wá

Ilé wa ni, ṣùgbọ́n kò ní àjà mọ́. Ìrì ń sẹ̀ sórí àga, sórí tẹlifíṣàn, sórí fọ́tò ìgbéyàwó wa, síbẹ̀ kò sí ohun tó tutù níbẹ̀. Láti inú pálọ̀ wa ní Oǹdó, mo ń gbọ́ odò kan tó ń ṣàn níbi tí ilé ìdáná yẹ kó wà. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ nídìí fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń nu ewé Àlejò.

Àlejò ni orúkọ tó sọ ọ̀gbìn náà. Kàlàbá ló ti gbé e wá, nígbà tó ń ṣe tíṣà níbẹ̀. Ọ̀gbìn inú igbó ni, ó jọ kókò, àmọ́ ó máa ń gun igi. Ìlà fàdákà wẹ́wẹ́ wà lójú ewé rẹ̀, bí ìgbà tí ìgbín rìn kọjá níbẹ̀. Mi ò rí irú rẹ̀ rí nílé ẹlòmíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, á fi àkísà rírọ̀ nu eruku ara rẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ kejì gbé ewé náà lábẹ́, bí ẹni gbé àgbọ̀n ọmọ tuntun.

Bó ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn lójú àlá. Ìró aláró rẹ̀ tó ti ṣá ló ró.

"Rẹ̀mí," mo pè é jẹ́jẹ́, kí n má bàa lé e lọ.

Kò yíjú. "Bàbá Mọráyọ̀, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo jẹ búrẹ́dì."

"Búrẹ́dì nìkan?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo ti gbàgbé pé imú ló máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi fà sí i débi pé mi ò lè gbẹ́sẹ̀.

Mo ní, "Ara Àlejò ò yá. Ewé rẹ̀ ń pọ́n, ó ń já bọ́. Bẹ́ẹ̀ mi ò fi omi dù ú."

Ó ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò, ó fà á yọ tòun ti gbòǹgbò. Gbòǹgbò náà ti dúdú, ó ti rà.

"Omi yìí ti pọ̀ jù fún un," ó wí, láìbínú.

"Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni."

"Mo mọ̀."

Ó mú ọ̀bẹ, ó gé e sí méjì. Mo kígbe. Ó gbé apá òkè hàn mí: gbòǹgbò funfun kan ti yọ ní oríkèé rẹ̀, kò ju èékánná lọ.

"Ibi tó ṣì yè rèé. Ẹ gbìn ín, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó mí."

"Jókòó tì mí díẹ̀."

"Ọwọ́ mi dọ̀tí. Ẹ jẹ́ n lọ ṣàn án."

Ó gba ọ̀nà ibi tí odò ti ń dún lọ. Mo gbọ́ tí omi ń dà sí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Mo jí lórí àga. Ọ̀sán ganrínganrín ni, oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé. Mo ṣì tẹ́tí. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé kò sẹ́nì kankan ní ilé ìdáná.

Mo tú ìkòkò náà. Gbòǹgbò rẹ̀ ti rà lóòótọ́, òórùn rẹ̀ gba gbogbo pálọ̀. Mo gé e sí méjì. Mo gbin apá tó yè sínú èèpo àgbọn àti èédú, bí mo ṣe máa ń rí ìyàwó mi tó ń ṣe é. Ó tún ń ṣe mí bíi kí n bu omi sí i. Ìgbà náà ló yé mi pé láti ìgbà tí a ti sin Rẹ̀mí, gbogbo ìgbà tí àárò rẹ̀ bá sọ mí ni mo ń gbé ife lọ sídìí ìkòkò yẹn. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àní ọmọ wa pàápàá.

Mo pe Mọráyọ̀ ní Ìbàdàn.

"Bàbá mi, ẹ káàsán. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí." Mo wo ìkòkò náà. "Àárò ìyá ẹ ló ń sọ mí."

Ẹkún ló fi dá mi lóhùn.

"Mo ti ń retí kẹ́ ẹ sọ ọ́," ó wí. "Ẹ má tíì gbé fóònù sílẹ̀."