Ohun Tó Bá Bọ́ Sódò

Àárín odò ni Tàíbátù wà nígbà tí atẹ́gùn ṣí ìborùn funfun kúrò lórí rẹ̀, tó gbé e sọ sómi. Kò yíjú padà. Ní etí odò tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn, ajá rẹ̀, Tanímọ̀la, jókòó ti ẹja gbígbẹ tó jù fún un. Kò jẹ ẹ́. Ó ń wo ọkọ̀.

Àsíìsì atukọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìyá Rìdwánù, ajá odò lẹ wá fi odò dí lọ́nà? Lọ́la, ẹ ó fi igi dí ọ̀bọ lọ́nà."

Tàíbátù tẹjú mọ́ èbúté iwájú. Láàárọ̀ ni ọmọ rẹ̀ Rìdwánù, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Sokodé, ti pè é. Òun àti ìyàwó rẹ̀ tuntun ń bọ̀. Wọn ó kàn yà kí àwọn àna ní Tchamba ni. Kí ajá ti kúrò nílé kí wọ́n tó wọ Kambolé, nítorí màláíkà kì í wọlé tí ajá bá wà. Tàíbátù ní òun ti gbọ́.

Ọwọ́ bàbá rẹ̀, Àkàndé apẹja, ló ti jogún ìran ajá náà. Irun wọn ṣù, omi kì í wọ̀ ọ́ dénú. Awọ so ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn pọ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn ni wọ́n ń fi ẹnu gbé okùn àwọ̀n sọdá odò. Àkàndé kì í tà wọ́n; apẹja ló ń fi wọ́n ta lọ́rẹ. Bí abo bá bímọ, Àkàndé á ju ewé sínú omi tí kò jìn. Ọmọ ajá tó bá gbé e wá fún un ló ń mú. Ohun tó bá bọ́ sódò gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín: ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn kò ju ìyẹn lọ. Tanímọ̀la nìkan ló kù báyìí.

Ìyá ìyá Tanímọ̀la ló fi eyín fa Rìdwánù jáde lódò ní ọrùn ẹ̀wù, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Tàíbátù ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà ní ajá fẹnu kan ọmọ òun. Wọ́n ní oore kì í gbé. Èyí tí òun gbé jù sétí odò yìí ń kọ́?

Bí ọkọ̀ ṣe gúnlẹ̀ ni mótò tó gbé Rìdwánù àti ìyàwó rẹ̀ dé èbúté. Ìyàwó, Jàríátù, kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀. Rìdwánù rọra béèrè bóyá ajá ti lọ.

"Ó ti lọ."

Jàríátù nawọ́ sójú omi. "Màmá, kí ló ń bọ̀ yẹn?"

Orí dúdú kan ni, ohun funfun wà lẹ́nu rẹ̀. Tàíbátù mọ̀ pé kì í ṣe ilé ni ajá náà ń bọ̀. Ìborùn ló ń dá padà.

Tanímọ̀la jáde, ó kọjá lára Rìdwánù, ó gbé ìborùn náà lé ẹsẹ̀ Tàíbátù. Rìdwánù fà sẹ́yìn.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ẹ̀meje lẹ ó fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó fi kírun."

Tàíbátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú un. Fífọ ti ìborùn kò le. Omi pọ̀ lódò. Ọwọ́ tó fi ti ajá kúrò nínú ọkọ̀ ló ń wò.

"Jókòó, ọmọ mi," ó sọ fún Rìdwánù. "Ìwọ náà ti bọ́ sódò rí."