Ó Ku Díẹ̀ Kí Tánkì Kún

Ọjọ́ Ajé ni obìnrin náà gbé àga ọkọ rẹ̀ kúrò níwájú ẹ̀rọ àtijọ́, tó gbé e síwájú ẹ̀rọ tuntun. Àga náà ti bó lápá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ń mì, ṣùgbọ́n kò fẹ́ òmíràn. Oṣù mẹ́rìnlá ti kọjá tí ọkọ náà ti kú. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ omi. Ní báyìí òun nìkan ló kù, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, tí òtútù rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn bọ́ súwẹ́tà, tí ẹ̀rọ méjì sì ń kùn bí oyin lọ́tùn-ún lósì.

Ọkọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà tó wà láyé. Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn ló jókòó, tó dá èdè kékeré kan sílẹ̀ fún àwọn pọ́ǹpù: ogójì ọ̀rọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ilé lásán. KA. SI. TI. DURO. Ẹ̀rọ náà kò mọ àmì ohùn, nítorí náà ẹni tó bá ń kà á ni yóò fi ohùn sí i fúnra rẹ̀. Igba ìwé àṣẹ ó lé méjìlá ni wọ́n ti fi èdè yìí kọ. Àwọn ló ń sọ ìgbà tí pọ́ǹpù yóò ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí yóò sinmi. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í gbọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀. Ọkọ náà wá kọ ògbufọ̀ kan, ìyẹn ètò tó ń ka ìwé àṣẹ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tó sì ń sọ fún ẹ̀rọ ohun tí ìlà náà wí. Inú fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo ògbufọ̀ náà wà.

Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ àtijọ́ ti ní àwọn kò ní tún un ṣe mọ́ bó bá bàjẹ́. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ẹ̀rọ tuntun ti wá. Ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Yúníìsì ló ń darí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n Yúníìsì ti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn dà bí ọmọ ìyá méjì: ojú jọra, ìwà ò jọra. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ tuntun ti inú tirẹ̀ pa, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí bí wọ́n ṣe hun ún. Ìwé kan tó nípọn bí ìrọ̀rí ni wọ́n fi ránṣẹ́ tẹ̀lé e. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé náà, èèyàn á fojú ara rẹ̀ wá a.

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá kí aláìsàn.

"Mádàámù, ọ̀sán Fúráìdè la máa pa ti àtijọ́."

"Mo gbọ́, ọ̀gá."

"Bí ògbufọ̀ olóògbé bá ń ṣiṣẹ́ lórí ti tuntun kó tó di ìgbà yẹn, ó dúró nìyẹn. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a máa lo èyí tí àwọn ará ibòmíì ti ṣe sílẹ̀, a sì máa da gbogbo ìwé àṣẹ yẹn nù. Kì í ṣe ìjà o."

"Ta ló pè é níjà?"

"Ẹ ò sọ nǹkan míì?"

"Kí ni kí n tún sọ? Ẹ ti sọ ọ́ tán."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì lọ.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ tuntun ka fáìlì ọkọ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, kó sì sọ ọ́ di ohun tó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà ka ẹ̀sùn mẹ́tàdínlógójì sí i lẹ́sẹ̀. Ohun tí ti àtijọ́ ń tọ́jú sí yàrá, ti tuntun ń tọ́jú rẹ̀ sí bálùwẹ̀. Àṣẹ tó ń jẹ́ orúkọ kan lọ́hùn-ún ń jẹ́ òmíràn níbí. Obìnrin náà ń yanjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n láti ìta ni. Ó kọ ìwé ìtọ́ni tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ń sọ fún ẹ̀rọ níbẹ̀ pé, bí o bá ti dé ibi báyìí, ibi báyìí ni kí o yà sí. Kò fọwọ́ kan fáìlì ọkọ rẹ̀.

Ó ní ìdí. Bí wọ́n bá to orúkọ fáìlì sójú kọ̀ǹpútà, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn máa ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti fáìlì yìí jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn, tí kò sì jáde. Obìnrin náà kò mọ ohun tó tún ṣe nínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àlàfo kan ló pa rẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ kẹ́yìn. Bí ẹlòmíràn bá yí lẹ́tà kan péré padà, ọjọ́ náà yóò lọ, ti òní yóò sì gba ipò rẹ̀. Nígbà tó ń kó fáìlì náà wá sórí ẹ̀rọ tuntun, ó rọra kó o ni, tọjọ́tọjọ́, bí ẹni tó gbé ẹyin.

Ní Ọjọ́rú, ẹ̀sùn tán. Ẹ̀rọ tuntun gba ògbufọ̀ wọlé láìkùn. Obìnrin náà fún un ní fáìlì ìwọ̀n omi àná láti kà. Ohun ìwọ̀n tó wà lára tánkì ńlá ní orí òkè máa ń fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láti òdo, tó túmọ̀ sí òfìfo, dé igba ó lé márùndínlọ́gọ́ta, tó túmọ̀ sí pé ó kún dẹ́nu. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni nọ́ńbà ọjọ́ kan. Ògbufọ̀ ka gbogbo wọn dáadáa. Àmọ́ kò dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà: O KUN. O KUN. O KUN. Ó ń kọ ọ́ lọ, ojú ìwé ń sáré, kò sì jọ pé yóò sinmi láéláé.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ bá a. Òun ni olùṣọ́ tánkì, ọjọ́ Ẹtì yìí kan náà ni yóò sì fẹ̀yìn tì. Ó-Ku-Díẹ̀ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí kì í jẹ́ kí tánkì kún. Bó bá ti ku ìwọ̀n ìka kan, á ti pọ́ǹpù, á ní "ó ku díẹ̀, ó tó bẹ́ẹ̀." Ó gbé ife tíì rẹ̀ lé orí ẹ̀rọ àtijọ́, ó tẹjú mọ́ ohun tó ń sáré.

"Ìyàwó, kí ló kún? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ tánkì bọ̀ ni. Kò tíì dé ìdajì."

"Bọ̀dá, òun ló ń wí bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́."

"Àbúrò mi kì í purọ́. Àfi kó jẹ́ ẹ̀rọ yín yìí ló ń purọ́ mọ́ ọn."

"Fáìlì ti tán, kò sì mọ̀ pé ó ti tán. Ẹ jókòó ná."

"Kí n jókòó, kó wá kún bá mi níbí?"

Ó jókòó náà. Obìnrin náà dá ògbufọ̀ dúró, ó yí sí i. Ọ̀rọ̀ kan ló sọ sí i lọ́kàn, ó sì yà á lẹ́nu pé láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wọn, òun kò bèèrè rí.

"Bọ̀dá, kí ló dé tí ẹ kì í fi í jẹ́ kó kún?"

"Ọkọ ẹ ló sọ fún mi."

"Nígbà wo?"

"Á tó ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọjọ́ kan báyìí, tánkì kún dẹ́nu. Bó ṣe kún ni ògbufọ̀ yìí dákẹ́ rọ́rọ́, bí ẹni tí wọ́n di lẹ́nu. Kò sọ fún pọ́ǹpù pé kó dúró. Omi ṣàn títí, ó kó bàtà alágbàtà kan lọ lójú títì. Àbúrò mi wá bá mi, ó ní, 'Bọ̀dá, ẹ ṣáà máa jẹ́ kó ku díẹ̀. Mo máa wá ìdí ẹ̀ rí.' Mò ń dúró. Ṣé ó rí i?"

"Kò rí i," obìnrin náà wí. "Mo rò pé èmi rí i báyìí."

Ó ṣí fáìlì ọkọ rẹ̀ fún wíwò nìkan, ó sì fi ìka sí ìlà kan tó wà nítòsí òkè. Igbá kékeré kan ni ọkọ rẹ̀ fi ń gba nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń ti inú fáìlì jáde. Àyè nọ́ńbà ìwọ̀n omi pé nínú igbá náà, kò ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí fáìlì bá tán, àmì ìparí náà a máa wá bọ́ sínú igbá kan náà.

"Ẹ wò ó, Bọ̀dá. Ó dà bíi bẹ́ńṣì ilé ìjọsìn tó gba èèyàn márùn-ún. Ẹni kẹfà wá dé. Wọ́n ní kó jókòó lé ẹnì kan lẹ́sẹ̀."

"Lẹ́sẹ̀ ta ni?"

"Lẹ́sẹ̀ 'ó kún'. Nínú ẹ̀rọ àtijọ́, bí 'ó kún' bá wọlé, ìparí ni wọ́n máa ń rò pó jẹ́. Ìyẹn ló fi dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Nínú ti tuntun, bí ìparí bá wọlé, 'ó kún' ni wọ́n ń rò pó jẹ́. Ìyẹn ni kò fi lè dúró."

Ó-Ku-Díẹ̀ gbé tíì rẹ̀, kò mu ún. "Ọdún mẹ́rìndínlógún. Nítorí bẹ́ńṣì."

Ní Ọjọ́bọ̀, obìnrin náà rí ohun kan nínú ìwé tó nípọn. Èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ fún ẹ̀rọ tuntun pé kó máa fojú ti àtijọ́ wo irú igbá kékeré bẹ́ẹ̀. Láti ìta ni, kò sí lẹ́tà kan tí yóò yí nínú fáìlì. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìtọ́ni tirẹ̀. Ògbufọ̀ ka mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, ó sì dákẹ́. Ọ̀gá wá wò ó, ó ní ó dára, ó ní òun ò ní da nǹkan kan nù mọ́. Obìnrin náà to orúkọ fáìlì sójú kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ yọjú lọ́sàn-án.

"Mo gbọ́ pé ó ti ṣiṣẹ́."

"Bíi ti tẹ́lẹ̀ gan-an, Bọ̀dá."

"Ìyẹn ni pé bó bá kún, á tún dákẹ́?"

Ó fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Lọ́la ni mò ń kó ẹrù mi," ọkùnrin náà wí. "Ẹni tó ń bọ̀ wá rọ́pò mi, ọmọlúwàbí ni. Ṣùgbọ́n màá lọ, ọ̀rọ̀ mi náà á lọ, á sì jẹ́ kí tánkì kún. Ta ni kì í fẹ́ kí tánkì òun kún? Lọ́jọ́ náà, wọn ò ní sọ pé bẹ́ńṣì ni. Wọ́n á ní, 'Ẹ wá wo nǹkan tí ọkùnrin yẹn ṣe sílẹ̀.'"

"Ẹ jẹ́ n rò ó."

"Rò ó. Èmi ń lọ ṣọ́ omi mi."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, obìnrin náà dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo èèyàn. Ó wo ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn lójú kọ̀ǹpútà fún ìgbà tó pẹ́ díẹ̀. Ó kọ́kọ́ fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì rántí pé òun ò nílò rẹ̀. Ó ṣí fáìlì náà, ó wá ìlà igbá kékeré rí. Lẹ́tà mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Ó pa á rẹ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta, èyí tó jẹ́ igbá ńlá, rọ́pò rẹ̀. Ó pa fáìlì náà mọ́. Ó yọ ọ̀rọ̀ àná kúrò nínú ìwé ìtọ́ni, ó tún ògbufọ̀ kọ́ látòkè délẹ̀, ó sì fún un ní fáìlì àná. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, ó dúró. Lẹ́yìn náà ó tẹ tánkì láago.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kó kún."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ jẹ́ kó kún dẹ́nu. Ẹ má fọwọ́ kan pọ́ǹpù."

Ìró omi ń dún lórí fóònù.

"Bó bá ṣàn ńkọ́, ìyàwó? Orí ta ló máa wà?"

"Orí mi ni."

"Orí wa ni. Ó dáa, mo ń wò ó."

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ọ̀sán pọ́n, ọ̀gá ti dúró ti ẹ̀rọ àtijọ́, ọwọ́ rẹ̀ nítòsí bọ́tìnì. Obìnrin náà jókòó sórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Nọ́ńbà wọlé láti orí òkè. Ògbufọ̀ orí ẹ̀rọ tuntun kọ ọ́: O KUN. Ẹ̀ẹ̀kan. Ìlà tó tẹ̀ lé e ni TI POMPU. Ó ka fáìlì dé òpin, ó sì dákẹ́. Àmì kékeré tó ń ṣẹ́jú nìkan ló kù lójú kọ̀ǹpútà.

Fóònù dún.

"Ó dúró o," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wí. "Omi dé etí tánkì, ó dúró. Ojú mi ló ṣe." Ó fọn imú. "Kí ni wọ́n á wá máa pè mí báyìí?"

"Ẹ ń fẹ̀yìn tì lónìí, Bọ̀dá. Ta ló tún fẹ́ máa pè yín?"

"Ìkà ni ẹ́, ìyàwó."

"Ẹ máa bọ̀ wá mu tíì."

Ọ̀gá tẹ bọ́tìnì. Ìkùn ẹ̀rọ àtijọ́ rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku ti ẹyọ kan nínú yàrá náà. Obìnrin náà to orúkọ fáìlì sójú kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ Ẹtì, agogo méje àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó wá fa ìwé àṣẹ tó tẹ̀ lé e wá láti dán an wò lórí ẹ̀rọ tuntun. Igba ó lé mọ́kànlá ló kù.